Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ àti Míkísà Tuntun

Ọdún mọ́kànlélógún ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ fi jókòó sínú yàrá kékeré onígíláàsì tó wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ ìlú, tó ń ṣí máìkì méjìlá, tó sì ń pa wọ́n. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn, torí bó ṣe máa ń fi ìka méjì ti bọ́tìnì sókè láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni mọ̀ pé ó fọwọ́ kan nǹkan. Kí ẹnì kan tó la ẹnu, ó ti mọ̀. Ó mọ ẹni tó máa ń kọ́kọ́ wúkọ́, ó mọ ẹni tó máa ń fẹ̀yìn ti àga bí inú bá ń bí i. Ẹni tó sì ń ṣọ́ jù ni Màmá Aránṣọ, aṣojú àwọn aránṣọ, àgbà obìnrin tí ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tó ń rẹ ọmọ lẹ́kún lọ.

Lọ́jọ́ Ajé kan, akọ̀wé àgbà gbé míkísà tuntun, ẹ̀rọ tó ń darí ohùn máìkì, wọlé. Ẹ̀rọ náà ń dá ṣiṣẹ́ fúnra rẹ̀: ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, á gbé máìkì tirẹ̀ sókè, á rẹ ti àwọn yòókù sílẹ̀, kí ariwo má baà dàpọ̀. Akọ̀wé kò fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ.

"Ẹ bá wa tò ó, ẹ̀gbọ́n. Bó bá ṣe ìpàdé Ọjọ́bọ̀ parí láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ kàn án, ìgbìmọ̀ ò ní nílò ẹni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́. Ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n máa dìbò lórí ọ̀rọ̀ iṣẹ́ yín."

"Ó dáa," ni Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ wí.

Kò bínú. Ká sọ tòótọ́, kò mọ nǹkan kan lára. Inú rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé pẹ́.

Nílé, ó ròyìn fún ìyàwó rẹ̀. Obìnrin náà gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó wò ó títí.

"Bàbá wọn, ẹ ò wí nǹkan kan fún akọ̀wé?"

"Kí ni n máa wí?"

"Ẹnu ẹni la fi ń kọ 'mi ò jẹ'. Ṣebí ẹ̀yin lẹ máa tò ó? Ẹ tò ó kó wọ́. Ẹ fi ti Màmá Aránṣọ sílẹ̀ bó ṣe wà. Bí wọn ò bá gbọ́ ọ, wọ́n á mọ iyì yín. Àbí wọ́n ní kẹ́ ẹ gbẹ́ sàréè ara yín, ẹ wá ń wá okùn ìwọ̀n kiri?"

Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà pa á lẹ́rìn-ín lóòótọ́. Ó jẹun tán, kò mọ adùn rẹ̀.

Lọ́jọ́rú, ó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá kàn tẹ bọ́tìnì lórí máìkì méjèèjìlá tó wá lọ sílé, àṣedànù ló ṣe, torí ẹ̀rọ ò mọ ẹni, ohùn tó ga jù ló mọ̀. Àfi kéèyàn kọ́kọ́ mú gbogbo ohùn dọ́gba. Ó jókòó sórí àga kọ̀ọ̀kan, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ni ín ṣe máa ń sọ ọ́. Ó fẹ̀yìn ti àga alága, ó kùn. Ó pariwo sí ti aṣojú àwọn awakọ̀, ẹni tí kò tíì mọ̀ pé òun ti kúrò lójú títì.

Nígbà tó dé àga Màmá Aránṣọ, ó fa máìkì súnmọ́ ẹnu. Ọ̀rọ̀ ìyàwó rẹ̀ wà lọ́kàn rẹ̀. Bó bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ó sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó lọ gbé agbára máìkì náà sókè, ó padà wá, ó tún lọ. Ó wá fún un ní ipò tó ju ti àwọn yòókù lọ díẹ̀, kí ìwé tí alága ń ṣí má baà borí rẹ̀. Kì í ṣe pé ó fẹ́ ṣe ẹ̀rọ lóore. Kò kàn mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó kó má dáa.

Lọ́jọ́bọ̀, ó káwọ́ lé itan. Iná kéékèèké ń tàn, wọ́n ń kú lójú míkísà, ọ̀rọ̀ gbogbo ń já gaara. Nígbà tó yá, wọ́n kan ọ̀rọ̀ iṣẹ́ rẹ̀. Alága bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ohun tó fẹ́ sọ, Màmá Aránṣọ sì nawọ́.

"Ẹ ti gbàgbé," ni màmá wí. "Kí ọkùnrin yẹn tó dé, ta ló ń gbọ́ mi níbí? Ẹ máa ń ní kí n tún un sọ, kí n tún un sọ, títí á fi sú mi. Òun ló ń gbé ohùn mi dé etí yín. Ẹ̀rọ ò lè gbọ́ irú mi. Ẹ jẹ́ kó dúró."

Gbogbo rẹ̀ dún kedere dé àga tó gbẹ̀yìn. Wọ́n tiẹ̀ gbọ́ bó ṣe gbé itọ́ mì. Kò sẹ́ni tó ní kó tún un sọ. Aṣojú àwọn awakọ̀ yíjú wo yàrá onígíláàsì, ó rí ọwọ́ Ọlọ́wọ́-Ẹ̀rọ̀ lórí itan, kò kan ẹ̀rọ náà rárá.

"Màmá, a gbọ́ yín," ni alága wí jẹ́jẹ́. "A gbọ́ yín dáadáa."

Mọ́kànlá nínú àwọn méjìlá nawọ́ sókè pé kí iṣẹ́ náà parí. Nínú yàrá, ọkùnrin náà ń wo iná máìkì Màmá Aránṣọ bó ṣe ń kú díẹ̀díẹ̀, ó sì dùn ún, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ Ajé.