Àwọn Ọdẹ Oko Bàbá Mi

Ojú bàbá mi ti ń ṣókùnkùn tipẹ́ kí n tó mọ̀, nítorí etí ló fi ń ṣọ́ oko. Àgbàdo ló ń gbìn ní pápá gbalasa kan lápá Arimogija. Irú ẹyẹ kan wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, aláwọ̀ eruku, tí kì í bà sórí igi rárá. Orí ilẹ̀ ló ti ń ṣa kòkòrò jẹ, ilẹ̀ lásán ló sì ń yé sí. Bí màlúù tàbí ènìyàn bá yọ lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n á figbe ta, bàbá mi á sì gbé àdá dìde. Ọdẹ òun ló ń pè wọ́n. Bí ó bá ń roko tí ó kan ẹyin wọn, yóò yí ọkọ́ gba ẹ̀gbẹ́, yóò fi ibẹ̀ sílẹ̀ láìro.

Èmi ń ṣiṣẹ́ ìjọba l'Ọ́wọ̀, mo sì gbọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Nígbà tí kòkòrò wọ àgbàdo náà, mo ra oògùn, mo gbé tánkì kọ́ ẹ̀yìn, mo fín in káàkiri oko. Bàbá mi béèrè bóyá kò ní ṣe àwọn ọdẹ òun ní nǹkan. Mo ní kòkòrò nìkan ló ń pa. N kò tilẹ̀ ka ohun tí wọ́n kọ sára ike rẹ̀.

Kòkòrò kú, àwọn ẹyẹ sì ṣà wọ́n jẹ. Lọ́jọ́ kẹta mo rí mẹ́rin lórí ebè, ẹsẹ̀ wọn nà gbọọrọ. Mo yára sin wọ́n bí olè kí bàbá mi tó dé ibẹ̀. Ìyókù pòórá, igbe wọn ò sì dún mọ́.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, màlúù wọ oko lọ́sàn-án gangan. Bàbá mi jókòó sábẹ́ àtíbàbà, kò mọ̀, títí wọ́n fi jẹ àgbàdo dé iwájú rẹ̀. Nígbà tí mo dé, kò tilẹ̀ bínú.

"Ọma mi," ó ní, "wọ́n ní ohun tó bá ojú ló ń bá imú. Tèmi ti bá etí. Mi ò gbọ́ àwọn ọdẹ mi mọ́."

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń bẹ̀ ẹ́ pé kó fi oko sílẹ̀, tó ń kọ̀. Mo mọ̀ pé kò sí ohun tó ṣe etí rẹ̀.

"Ẹ jẹ́ á re ulé, Bàbá," ni mo wí.

Ọ̀dọ̀ mi ló wà báyìí. Bí ẹnìkan bá kan ilẹ̀kùn, yóò kọ́kọ́ bi mí bóyá lóòótọ́ ni òun gbọ́ nǹkan. Mo máa ń ní bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ tí mo lè sọ fún un kò jù bẹ́ẹ̀ lọ.