Ìkòkò Omi Alhaja

Bí mo bá gbóòórùn kẹrosíìnì nínú gọ́tà, àyà mi á já, n ò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rù ni tàbí àárò.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, wolé-wolé tó máa ń da kẹrosíìnì sí gọ́tà wọ agboolé wa ní Ọ̀fà, ó yọjú wo ìkòkò omi Alhaja, ìyá bàbá mi.

"Alhaja, tanwíjí ti kún inú ẹ̀. Ẹ̀fọn ni gbogbo ẹ̀ máa dà."

"Dà á nù! Tèmi ni kó o fi bẹ̀rẹ̀, ká wo ẹni tó máa bá ẹ jà."

Àwọn ìyàwó ilé pariwo. Mo sunkún, torí omi ẹ̀rọ ò yọ, èmi ni màá sì pọn òmíràn. Mo rò pé ọkùnrin náà kórìíra wa ni. Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé Alhaja fúnra rẹ̀ ló lọ pè é wá, lẹ́yìn tí ibà pa àbúrò mi.

Alhaja na garawa sí mi. "Ẹkún kì í pọnmi. Gbéra!"

Òun náà gbé tirẹ̀, a sì jọ gba ọ̀nà kànga lọ.