Mẹ́rìndínlógún Kí Ni?

Ọkùnrin kan wà ní Du, lẹ́bàá Jọ́ọ̀sì, tó mọ bí ọ̀nà ṣe gùn tó láti ilé rẹ̀ dé Kuru, tó mọ ìbú gbogbo gọ́tà tó wà láàárín wọn, ṣùgbọ́n tí kò mọ sáìsì ṣòkòtò ara rẹ̀. Ọlágòkè lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀nà wíwọ̀n ló ṣe lábẹ́ ìjọba títí tó fi fẹ̀yìntì, téèpù irin kì í sì í kúrò nínú àpò rẹ̀ títí di òní. Bí tábìlì tuntun bá wọlé, á wọ̀n ọ́n. Bí ọmọ bá ń dàgbà, á fà á mọ́ férémù ilẹ̀kùn, á wọn òun náà. Àmọ́ láti ọjọ́ tó ti gbé Tabitha níyàwó, ìyàwó ló ń ra gbogbo ohun tó ń kan ara rẹ̀: síńgílẹ́ẹ̀tì, ìbọ̀sẹ̀, ṣòkòtò, títí kan lọ́fínńdà. Aṣọ tó bá bá lórí bẹ́ẹ̀dì láàárọ̀ ló ń wọ̀. Ìgò tó bá bá níwájú dígí ló ń fín.

Ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun náà dá ra aṣọ fún Tabitha rí. Gáùn aláwọ̀ ewé kan ni, nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Tabitha wọ̀ ọ́, ó yí po níwájú dígí, ó ní, "Ẹ ṣeun o, ó mà dára." Kò pẹ́ tí Ọlágòkè fi wọ ilé ìdáná tó rí gáùn rẹ̀ lójú fèrèsé. Ó ti di kọ́tìnnì. Ibẹ̀ ló ṣì wà di bá a ṣe ń wí yìí, èéfín ti sọ ọ́ di àwọ̀ tí kò lórúkọ.

Ọ̀rọ̀ kọ́tìnnì yìí ló sọ sí i lọ́kàn nígbà tí Tabitha pè é láti Àkúrẹ́, níbi tó ti ń bá Ayọ̀kúnnúmi ọmọ wọn tọ́jú ọmọ tuntun láti ìgbà òjò.

"Bàbá Ayọ̀, ọjọ́ Sátidé ni mò ń bọ̀ o. Ṣé òtútù ti dé?"

"Òtútù kẹ̀? Ọyẹ́ ti dé. Omi garawa ń buni jẹ láàárọ̀."

"Yéè! Aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ sì ni mo kó wá síbí. Kóòtù yín tí mo máa ń gbà wọ̀ ń kọ́?"

"Eku ti bímọ sínú rẹ̀. Òun náà ń tọ́jú ọmọ tuntun."

Bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀ ló pinnu. Òun máa mú kóòtù dání lọ sí gáréèjì, kóòtù tí òun fúnra òun yàn, bí Tabitha bá ti ń sọ̀ kalẹ̀ ni òun máa gbé e wọ̀ ọ́. Èyí ò sì ní di kọ́tìnnì.

Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù, ó fa búláòsì ìyàwó rẹ̀ kan jáde, ó wo àkọlé kékeré tí wọ́n rán mọ́ ọrùn rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún. Ó wo ti ṣẹ́ẹ̀tì ara rẹ̀. Mẹ́rìndínlógún! Ọlágòkè dá rẹ́rìn-ín nínú yàrá. Àṣé sáìsì kan náà ni àwọn, tí ẹnikẹ́ni ò sọ fún òun! Ẹ ẹ̀ rí nǹkan, ẹni tó fi ojú lásán mọ̀ pé ọ̀nà wọ́, kò rántí pé Tabitha lè gba abẹ́ apá òun kọjá láì bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjà Farin Gada, níbi tí àtẹ àwọn oníkábéèjì parí sí, ni Falilat ti ń ta gwánjò, ìyẹn òkìríkà. Jọ́ọ̀sì ni wọ́n bí i sí, Hausa ló sì kọ́kọ́ ń bọ́ sí i lẹ́nu kí Yorùbá tó dé.

"Sannu, Bàbá! Ẹ kú òtútù. Kí lẹ fẹ́?"

"Kóòtù obìnrin. Mẹ́rìndínlógún."

"Haba! Bàbá tó mọ sáìsì Màmá!"

"Tèmi náà kúkú ni," ni Ọlágòkè wí, àyà rẹ̀ wú. "Sáìsì kan náà ni èmi àti ìyàwó mi."

Falilat wò ó láti òkè délẹ̀. Ọmọ yìí kì í sì í jẹ́ kí irú àǹfààní bẹ́ẹ̀ kọjá. Ó fa kóòtù pupa kan yọ, onírun lọ́rùn. "Ẹ kúkú bá Màmá wọ̀ ọ́ wò, kó lè dá wa lójú."

Ọlágòkè wọ̀ ọ́. Èjìká kóòtù náà gbá a mú, apá rẹ̀ méjèèjì yọ síwájú bí ẹni gbé abọ́ omi gbígbóná. Nísàlẹ̀ ìbàdí, àyè tó kù á gba ẹlòmíràn. Oníkábéèjì kan kígbe láti òdìkejì pé, "Amarya!", bí àwọn Hausa ṣe ń kí ìyàwó tuntun. Ẹ̀rín sọ lọ́jà. Ọlágòkè náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀rín.

"Mẹ́rìndínlógún nìyí?"

"Òun náà ni. Ẹ wò ó lọ́rùn ẹ̀."

"Mẹ́rìndínlógún kí ni?"

"Báwo, Bàbá?"

"Tèmi, íńṣì ni. Ọrùn mi ni wọ́n wọ̀n, mo ti fi téèpù wọ̀n ọ́n fúnra mi rí. Èyí ń kọ́? Kí ni wọ́n wọ̀n lára obìnrin? Ọrùn ni? Àyà ni? Ẹsẹ̀ ni?"

Kò sí oníbàárà tó bi Falilat ní irú rẹ̀ rí. "Wallahi, Bàbá, mi ò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kàn ń pè é."

Téèpù irin ti jáde. Ọlágòkè bọ́ kóòtù pupa náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀, ó tẹ́ òmíràn tí wọ́n kọ mẹ́rìndínlógún sí tì í, ó wọ̀n wọ́n. Ọ̀kan fi odidi àtẹ́lẹwọ́ fẹ̀ ju èkejì lọ! Ó figbe ta bí ẹni tí wọ́n jí ọ̀nà rẹ̀ gbé.

"Tó bá jẹ́ pé báyìí la wọn ọ̀nà ni, ẹni tó ń lọ sí Kuru á bá ara rẹ̀ ní Kafanchan! Wọ́n wọn ọkùnrin, wọ́n sọ iye tó jẹ́. Wọ́n dé ọ̀dọ̀ obìnrin, wọ́n fún un ní nọ́ńbà bí ẹni ń kọ nọ́ńbà sára ilé."

"Bóyá wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ bí ìdí wa ṣe tó ni." Falilat náà ti kúnlẹ̀ sáàárín kóòtù, ó di orí téèpù mú. "Ẹ tún wò ó, bọ́tìnnì yín wà lọ́tùn-ún, tiwa wà lósì."

"Kí ló dé?"

"Ẹ tún ti bẹ̀rẹ̀! Ẹ jẹ́ ká fi nọ́ńbà sílẹ̀ jàre. Báwo ni Màmá ṣe rí?"

Ọlágòkè di ojú. Ó fi ọwọ́ sí abẹ́ èjìká rẹ̀. "Orí rẹ̀ dé ibí." Ó na apá méjèèjì, ó fi wọ́n ṣe òbìrí. "Tí mo bá dì mọ́ ọn, ibi tí ọwọ́ mi ń dé nìyí."

"Bàbá! Láàárín ọjà!"

"Ṣebí ìwọ lo béèrè. Èjìká rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀. Tó bá wọ kóòtù mi, á ká apá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó parí..." Ó la ojú. "Kóòtù mi. Kóòtù mi ló kúkú ń wọ̀ láti ọjọ́ yìí!"

Ó kọjá sọ́dọ̀ àwọn kóòtù ọkùnrin, ó ń fi apá gbá wọn mọ́ra lọ́kọ̀ọ̀kan, títí ó fi dé orí aláwọ̀ aró kan tí òbìrí náà bá mu wẹ́kú. Bí Falilat ṣe ń dì í fún un ló bẹ̀rẹ̀ sí í fín imú.

"Bàbá, ẹ fín lọ́fínńdà Màmá jáde."

"Rárá o, tèmi ni. Ìgò dúdú ni, ẹṣin wà lára rẹ̀."

Falilat mú ìgò kan lábẹ́ àtẹ, ìgò tí òdòdó yí ká, ó fín in sí i lọ́rùn ọwọ́. Ọlágòkè gbóòórùn ọwọ́, ó gbóòórùn kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Ọ̀kan náà ni.

"Ti obìnrin nìyẹn. Òdòdó àti ohun dídùn ló pọ̀ níbẹ̀. Tiyín máa ń jọ òórùn igi, tàbí ọsàn wẹ́wẹ́."

"Èyí ni mo ń fín lọ sípàdé àwọn àgbà ìjọ?"

"Ṣé wọ́n ń sá fún yín?"

Ọlágòkè rò ó. "Wọ́n tiẹ̀ máa ń du àga ẹ̀gbẹ́ mi."

Lọ́jọ́ Sátidé, Tabitha fi ọwọ́ gbá ara rẹ̀ mú sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. Kó tó kí ẹnikẹ́ni, kóòtù ti bò ó léjìká. Ó ń wá bọ́tìnnì níbi tí kò sí, ni Ọlágòkè bá bá a dé e láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó pàdé. Kò fún un. Tabitha ká apá kóòtù lẹ́ẹ̀kan, ó wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì ọkọ̀.

"Ta ló bá yín rà á?"

"Èmi ni."

"Sáìsì mélòó?"

"Jọ̀ọ́, má dárúkọ sáìsì."

"Hùn-ún," ni Tabitha wí, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó máa gbé wọn lọ sí Du. Irú hùn-ún wo? Ó dára ni, àbí fèrèsé ló ń wò lọ́kàn? Ọlágòkè ò mọ̀. Ó gba ibòmíràn yọ.

"Tabitha, kí ló wà nínú ìgò dúdú mi?"

Tabitha kọjú síta. Kò pẹ́ tí èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. "Ta ló sọ fún yín?"

"Imú ọmọ ọlọ́jà kan."

"Èyí tẹ́ ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ máa ń mú mi sín ni. Ẹ bá sún mọ́ mi báyìí, mo ti sín! Mo wá dà á nù, mo bu tèmi sí i. Ẹ̀yin kọ́ lẹ máa gbà láti fín in tí mo bá ní ti obìnrin ni."

"Láti ìgbà wo?"

"Ayọ̀kúnnúmi ò tíì máa rìn."

Ọlágòkè rẹ́rìn-ín débi pé oníkẹ̀kẹ́ wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n délé, Tabitha wọ ilé ìdáná lọ gbé omi kaná, kóòtù sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ọlágòkè dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọmọ tó ń retí èsì ìdánwò. Tabitha wo fèrèsé. Ó fọwọ́ pa kóòtù.

"Fèrèsé yìí mà fẹ́ kọ́tìnnì tuntun o."

Ojú Ọlágòkè rẹ̀wẹ̀sì. Tabitha bú sẹ́rìn-ín, ó fa kọ́là kóòtù sókè dé etí, ó jókòó ti iná. "Ẹ fọkàn balẹ̀. Èyí ò ní bọ́ lára mi títí ọyẹ́ á fi lọ. Gáùn ọjọ́ yẹn ni, èmi méjì ló lè gbà! Sáìsì mélòó tiẹ̀ ni?"

Ọlágòkè súnmọ́ fèrèsé, ó wá ibi tí ọrùn gáùn wà tẹ́lẹ̀. Àkọlé kékeré náà ṣì wà níbẹ̀. Ó fi àtàǹpàkò nu èéfín kúrò lójú rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mẹ́rìndínlógún," ló wí.

"Mẹ́rìndínlógún kí ni?" ni Tabitha béèrè.

Ọlágòkè fa àpótí, ó jókòó tì í. "Òun gan-an ni mò ń bi wọ́n."