Si Khemais, Ọkùnrin Tó Ná Ọjà Ọ̀fẹ́

Ọjọ́ tí Si Khemais jáde kúrò nínú ọ́fíìsì ara rẹ̀, tó fi ẹni tó wá tajà fún un sílẹ̀ níbẹ̀, kò sí ará Ayn Luz, ìlú wa, tó lè gbàgbé rẹ̀. Ọkùnrin kan ló wá láti Tunis, ó wọ kóòtù, ó so táì, ó gbé báàgì aláwọ dání. Ilé iṣẹ́ tó ni ètò orí kọ̀ǹpútà tí káńsù wa fi ń tẹ ìwé ọjọ́ìbí ló rán an, pé ọdún ti yí po, kí a tún owó san kí ètò náà má baà tì pa. Si Khemais ni ọ̀gá tó ń ra nǹkan fún káńsù, látorí ìgbálẹ̀ títí dé orí ọkọ̀ akólẹ̀. Ó gbọ́ iye tí wọ́n pè é, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní òun á san ìdajì ìdajì rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, iye kan náà ni fún gbogbo èèyàn," ọkùnrin náà wí. "Kì í ṣe ohun tí wọ́n ń ná."

"Ohun tí wọn kì í ná ò sí lábẹ́ ọ̀run. Èló ni jálẹ̀?"

"Jálẹ̀ náà ni mo pè yẹn."

"Ìwọ yìí, ṣé ìyá ló bí ẹ ni, àbí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde látinú ẹ̀rọ?"

Wọ́n fà á títí tíì fi tutù nínú ife. Nígbà tí Si Khemais rí i pé ọkùnrin náà kò fẹ́ yí ohùn padà, ó ṣe ohun tí gbogbo ẹni tó mọ ọjà ná máa ń ṣe. Ó dìde, ó gbọn ẹ̀wù rẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó sì kọjú sí ẹnu ọ̀nà. Jẹ́jẹ́ ló ń rìn, kí wọ́n lè ráyè pè é padà. Ó dé ẹnu ọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè é. Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, kẹ́kẹ́ pa. Ọkùnrin Tunis jókòó ti tábìlì, ó ń wo ojú aago, ó rò pé bàbá lọ tọ̀ ni.

Ta ni yóò sì padà? Ẹni tó bá padà láìjẹ́ pé wọ́n pè é ti gbà pé iye tí ọlọ́jà pè lòun máa san. Ni Si Khemais bá rìn dé ilé kọfí, ó jókòó. Nígbà tó pẹ́, Salem tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà káńsù sáré wọlé, ó ń mí gúlegúle.

"Bàbá, wọ́n ní kẹ́ ẹ máa bọ̀."

"Ta ló ní kí n máa bọ̀?"

"Olórí káńsù ni."

"Èmi àti olórí káńsù ò jọ ná nǹkan kan. Ọlọ́jà yẹn ńkọ́? Ṣé ó fẹnu ara ẹ̀ pè mí?"

"Ó ti wọkọ̀ padà sí Tunis."

Si Khemais mu kọfí rẹ̀ tán, ó nu irun imú. "Á pè," ó wí.

Kò pè o. Oṣù yí, ètò náà sì tì pa. Gbogbo kọ̀ǹpútà tó wà ní ibi tí wọ́n ti ń gba ìwé ọjọ́ìbí dúró gbagidi, kò sí ohun tó hàn lójú wọn ju gbólóhùn Faransé kan ṣoṣo lọ. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ́fíìsì gómìnà ní Kairouan, èsì sì jáde: bí Ayn Luz kò bá lè tẹ ìwé kí ilé ìwé tó wọlé, kí wọ́n ti ibẹ̀ pa, kí wọ́n kó iṣẹ́ náà wá sí Kairouan.

Ẹ̀rù bà wá. Ọdọọdún ni ilé ìwé ń béèrè ìwé yẹn lọ́wọ́ ọmọ. Ẹni tó ń wáṣẹ́ ń fẹ́ ẹ, ẹni tó fẹ́ gbéyàwó ń fẹ́ ẹ, òkú pàápàá kì í rí ogún rẹ̀ pín láìsí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n bá ti ibẹ̀ pa, arúgbó tó fi ọ̀pá rìn yóò wọ ọkọ̀ èrò nínú oòrùn, yóò tò síwájú ẹni tí kò mọ̀ ọ́n, yóò sì padà lọ́jọ́ kejì nítorí pé wọ́n gbàgbé láti lu òǹtẹ̀. Si Khemais mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun ló fa gbogbo rẹ̀. Nígbà tó lọ ra búrẹ́dì, ìyá oníbúrẹ́dì wò ó tìkà-tẹ̀gbin. "Si Khemais," ó wí, "nígbà tẹ́ ẹ bá tún fẹ́ jáde lọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kó wa dání."

Si Khemais kì í ṣe èèyàn búburú. Inú ọjà kápẹ́ẹ̀tì ní Kairouan ni wọ́n bí i sí, láàárín àwọn tó lè fi gbogbo àárọ̀ ná ẹyọ ẹní kan, kí wọ́n sì jọ jẹun ọ̀sán lẹ́yìn rẹ̀ bí ọmọ ìyá. Ohun gbogbo ló ń ná. Nígbà tó lọ tọrọ Mahbouba, ó ná owó orí débi pé bàbá ọmọ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pé ṣé aya ló fẹ́ fẹ́ ni àbí ó fẹ́ ra ilé. Wọ́n ṣì wà lórí rẹ̀ nígbà tí Mahbouba lọgun látinú yàrá: "Bàbá, ẹ fún un, kó lè dákẹ́!" Báyìí ni ìgbéyàwó ṣe so.

Ẹni tó gba ìlú là ni Naziha, ọmọbìnrin tó ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ìwé girama ní kọ̀ǹpútà. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kan máa ń pàdé lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n ń tú ètò kọ̀ǹpútà wò, wọ́n ń tún un tò. Ìjọba náà ti fọwọ́ sí i nígbà yẹn pé kí ọ́fíìsì tó bá wù ú máa lo irú ètò bẹ́ẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni lè wo inú rẹ̀, kó tún un ṣe, kó sì fún ẹlòmíràn. Ó wọlé tọ Si Khemais, ó kí i, ó ní ètò kan wà tó lè ṣe iṣẹ́ náà.

"Èló?"

"Ọ̀fẹ́ ni, Bàbá."

Si Khemais fọwọ́ bo ojú. "Ó wọ́n jù."

"Mo ní ọ̀fẹ́ ni!"

"Mo gbọ́. Níbi tí wọ́n ti bí mi, tíì ọ̀fẹ́ la fi ń mú àlejò. Ẹni tó bá mu ife kejì, kápẹ́ẹ̀tì ló máa gbé rù lọ sílé. Ohun tó bá lówó lórí, mo lè já a wálẹ̀. Èyí tí ò lówó lórí, kí ni kí n já níbẹ̀?"

Ẹlòmíràn ì bá bínú lọ. Naziha fa àga, ó jókòó. "Bàbá, tẹ́ ẹ bá fẹ́ ra kápẹ́ẹ̀tì, kí lẹ kọ́kọ́ ń wò?"

"Ẹ̀yìn ẹ̀ ni. Ojú kápẹ́ẹ̀tì a máa purọ́. Tó o bá dojú ẹ̀ délẹ̀, wàá rí kókó òwú, wàá mọ̀ bóyá ẹni tó hun ún sùn sídìí iṣẹ́."

"Ṣé ará Tunis yẹn jẹ́ kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn tiẹ̀?"

Si Khemais fi orí jẹ́ rárá. "Ó ní àṣírí ilé iṣẹ́ ni."

"Ẹ wo ẹ̀yìn tèmi."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó tẹ nǹkan kan, ìlà ọ̀rọ̀ sì ń ya wálẹ̀ lójú rẹ̀ láìdáwọ́ dúró. Si Khemais kò mọ ẹyọ kan níbẹ̀. Síbẹ̀, ó wọ awò ojú, ó súnmọ́ ọn, ó fi àtàǹpàkò ra ojú gíláàsì náà sókè sódò bó ṣe máa ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù bàbá rẹ̀. "Ó ki," ó wí. "Ta ló hun ún?"

"Ọ̀pọ̀ èèyàn. Àwọn kan wà ní Brazil, àwọn kan ní India, ọ̀kan wà ní Sfax lọ́dọ̀ wa níbí."

"Ará Sfax?" Si Khemais bọ́ awò ojú. Ta ni ò mọ ará Sfax pẹ̀lú owó? Wọn kì í kí ni lọ́fẹ̀ẹ́. "Ará Sfax wà níbẹ̀, ó sì di ọ̀fẹ́? Á jẹ́ pé iṣẹ́ Ọlọ́run ni. Ó dáa, mo gbà pé ọ̀fẹ́ ni. Èènì ńkọ́?"

"Èènì? Lórí ọ̀fẹ́?"

"Ọjà tí ò ní èènì ò tíì di ọjà."

Èènì yìí ni wọ́n wá ná. Si Khemais ní kí ètò náà sọ èdè Lárúbáwá, nítorí pé Faransé ni èyí àtijọ́ ń sọ, àwọn akọ̀wé sì ń méfò. Naziha gbà. Ó ní kó wá kọ́ àwọn akọ̀wé títí tí yóò fi yé wọn. Naziha gbà. Ó ní àwọn kọ̀ǹpútà kan wà ní ilé ẹrù tí wọ́n ti pè lókùú, kó wá jí wọn dìde.

"Bàbá, ó kù kẹ́ ẹ ní kí n máa gbálẹ̀."

"Ìyẹn ń bọ̀. Jẹ́ ká parí èyí ná."

"Ó dáa, ó ku tèmi. Ohunkóhun tá a bá tún ṣe nínú ẹ̀, ìlú tó bá wá tọrọ ẹ̀, a ò gbọdọ̀ fi dù wọ́n."

Si Khemais gbórí sókè. "Wọ́n á wá bá mi níbí?"

"Wọ́n lè wá."

"Wọ́n á jókòó síwájú mi, wọ́n á sọ ohun tí wọ́n ń fẹ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Ojú bàbá tàn yanran. "Mo gbà," ó wí, ó sì pàṣẹ kí wọ́n gbé tíì wá.

Ọjọ́ pé. Ọ̀gá kan wá láti ọ́fíìsì gómìnà kó lè fojú ara rẹ̀ rí i bóyá ẹ̀rọ wa lè tẹ ìwé. Èrò kún gbọ̀ngàn dé ojú ọ̀nà. Ọ̀gá náà gbọ́ pé ọ̀fẹ́ ni ètò náà, ó yọ ṣùtì. "Ohun tí a ò bá jìyà fún kì í tọ́jọ́," ó wí.

"Ta ló sọ pé a ò jìyà?" Si Khemais dá a lóhùn. "Ẹ bi ọmọ yìí léèrè."

Obìnrin kan tó gbé ọmọ dání ló kọ́kọ́ bọ́ síwájú. Beya, akọ̀wé wa, tẹ orúkọ ọmọ sínú ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ béèrè ní Lárúbáwá tó já gaara pé: Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́? Beya tẹ Rárá. Ìwé ò jáde. Ó tún orúkọ tẹ̀, ẹ̀rọ tún béèrè, ó tún tẹ Rárá. Ọ̀gá wúkọ́, ó yọ bírò lápò. Òógùn bo Naziha.

"Beya, kí ló dé tó o fi ń tẹ Rárá?"

"Si Khemais ló ní ká máa tẹ̀ ẹ́. Àárọ̀ yìí ni wọ́n pè wá jọ."

Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí bàbá. Kò mira. "Ẹni tó bá bi yín ní nǹkan lẹ́ẹ̀kan, tẹ́ ẹ sì gbà, ẹ ti gba ìyànjẹ. Ẹ kọ́kọ́ kọ̀, kó tún béèrè."

"Bàbá, ẹ̀rọ ni! Kì í tún béèrè!"

"Àìlẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Ta ló tọ́ ọ?"

Àwọn kan rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n obìnrin tó gbé ọmọ dání kò rẹ́rìn-ín. Ọ̀gá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sílẹ̀. Beya dá ọwọ́ dúró lókè ẹ̀rọ, ó ń wo Si Khemais, nítorí pé ó bẹ̀rù rẹ̀ ju gómìnà lọ. Naziha bá rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́."

Si Khemais wo ọmọ náà. Ó wo àwọn arúgbó tó fẹ̀yìn ti ògiri. Ó yíjú sí Beya. "Tẹ Bẹ́ẹ̀ ni," ó wí. Kò sẹ́ni tó tíì gbọ́ kó gba nǹkan lẹ́ẹ̀kan náà rí láyé rẹ̀. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé kùn, ìwé jáde, obìnrin náà gbé e sókè, ariwo ayọ̀ sọ, ọ̀gá sì dá bírò padà sápò. Ẹnikẹ́ni kò tún gbọ́ pé wọ́n fẹ́ ti ibẹ̀ pa.

Lọ́jọ́ kejì, Naziha jókòó, ó tún ètò náà ṣe. Láti ìgbà náà, bí ènìyàn bá tẹ Rárá, ẹ̀rọ á dá a lóhùn pé: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un rò. Ṣé kí n tẹ̀ ẹ́? Si Khemais kà á, ó ní wàyí o, ó ti ní ìwà. Àwọn ìlú mìíràn wá gba ètò náà lọ lóòótọ́, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, títí dé ẹsẹ̀ òkè lọ́nà Algeria. Bàbá kò fún ẹnikẹ́ni láìná an. Ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó bá gbé e lọ gbọ́dọ̀ ṣèlérí ohun kan tí yóò tún ṣe sí i, kó sì gbé e padà wá fún gbogbo wa. Títí di òní olónìí, àwọn akọ̀wé kan wà lọ́hùn-ún tí wọn kò mọ ìdí tí ẹ̀rọ wọn fi máa ń bẹ̀ wọ́n.

Nígbà tí ara Si Khemais ò dá mọ́, dókítà ní kó má jẹ harissa, ata gígún tó fẹ́ràn, mọ́ láéláé. Ó ná an títí dókítà fi gbà fún un pé kó máa jẹ ẹ́ lọ́jọ́ Jímọ̀. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan ló kú, lẹ́yìn tó jẹun yó.

Ó dùn wá. Ilé ọjà ṣófo lẹ́yìn rẹ̀, àwọn ọlọ́jà tó ti ń sá fún un tẹ́lẹ̀ wá ń sọ pé ọjà ò dùn mọ́. Àwọn èèyàn láti káńsù tó jìnnà wá kí ilé, oníkálukú ń sọ ohun tí bàbá fi ẹnu gbà lọ́wọ́ òun, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọ́n sì ń nu ojú.

Ìwé ikú rẹ̀ ló kù tí wọ́n máa gbà. Beya ránṣẹ́ sí Mahbouba pé òun á gbé e wá bá a nílé, nítorí pé opó tó wọ funfun kì í rìn jìnnà kí oṣù ọ̀fọ̀ rẹ̀ tó pé. Mahbouba ní rárá, pé òun á wá fúnra òun. Ó rìn wá lọ́wọ́ ọ̀sán pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn èèyàn sì yà fún un. Beya tẹ ìwé náà, ó lu òǹtẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án sí i.

Mahbouba kò tètè lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń wo àwọn tó wà níbẹ̀: bàbá arúgbó kan tó ń tòògbé, ìyàwó àti ọkọ tuntun tó ń rẹ́rìn-ín síra wọn, àwọn ìyá tó wá gba ìwé ilé ìwé fún ọmọ wọn.

"Ẹ wò ó," ó wí fún Beya. "Ọkọ mi yọ mí lẹ́nu láti ọjọ́ tó ti wọ ilé bàbá mi. Ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí n gbé aṣọ ọ̀fọ̀ wọ ọkọ̀ èrò lọ sí Kairouan."

Ó ká ìwé náà, ó fi í sí àyà, ó sì fẹsẹ̀ rìn lọ sílé.