Ìka Ẹ̀gbọ́n Mi Lábẹ́ Máṣíìnì

Ẹnikẹ́ni tó bá tún sọ létí mi pé ìyàwó mi ló mọ̀ọ́mọ̀ fi abẹ́rẹ́ máṣíìnì gún ẹ̀gbọ́n mi lọ́wọ́, èmi àti onítọ̀hún yóò jọ wọ̀yá ìjà. Mo ti sọ ọ́ lójú ọjà, mo ti sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn, mo sì ń kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí kí ẹni tí kò gbọ́ lè kà á. Ìwé díẹ̀ ni mo kà, mi ò fi pamọ́. Ilé ẹ̀kọ́ ló kọ̀ mí ni o, èmi ni mo kọ̀ ọ́ ni o, ọ̀rọ̀ yẹn kò tíì yanjú. Ṣùgbọ́n ohun tí ojú mi rí ní Jọ́ọ̀sì, níbi tí a ti ń wa kúsà, tí òyìnbó ń pè ní tíìnì, nínú ilẹ̀, ọ̀pọ̀ tíṣà ní Kàbà kò rí i lójú àlá.

Ní Jọ́ọ̀sì, yàrá mi kọjú sí yàrá télọ̀ Hausa kan. Bí a bá ti ibi iṣẹ́ dé, àwọn ẹgbẹ́ mi á gba ilé ọtí bùrùkùtù lọ, èmi á jókòó ti télọ̀ náà. Kò pe mí kó wá kọ́ mi. Èmi ni mo fi ojú mi jí iṣẹ́ náà kó. Kí n tó kúrò níbẹ̀, mo lè tú máṣíìnì palẹ̀, kí n nù ún, kí n sì tò ó padà, tí irin kan kò ní ṣẹ́ kù sílẹ̀. Ẹ lọ wá ẹlòmíràn tó lè ṣe é ní àdúgbò wa láyé ìgbà tí òyìnbó ṣì ń ṣe ajẹ́lẹ̀ ní Kàbà. Ẹ ò ní rí.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé, nígbà tí mo ń bọ̀ wálé, máṣíìnì ni mo rà, ọlọ́wọ́, èyí tí a ń fi ọwọ́ yí kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Itan mi ni mo gbé e lé nínú ọkọ̀. Nígbà tí a dé etí odò ní Lọ́kọ́ja, awakọ̀ ní kí n gbé e sórí ẹrù bí àwọn tó kù ti ṣe. Mo ní, “Ìwọ kọ́kọ́ gbé ìyá rẹ sórí ẹrù ná, kí n wò ó.” Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Kàbà.

Ìyàwó mi ni mo rà á fún. Ọmọ Ìffẹ̀ ní Ìjùmú ni, ọwọ́ rẹ̀ yá, ẹnu rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe gbé e kalẹ̀, nítorí àwọn kan ń sọ pé mo kàn ju irin sílé fún obìnrin ni. Kò sí irọ́ tó jùyẹn lọ! Káfíńtà bá mi kan tábìlì, mo da omi sínú àwo lé e lórí, mo wo ibi tí omi ṣàn sí, mo sì fi pákó kékeré ti ẹsẹ̀ tábìlì lábẹ́ títí omi fi dúró déédéé. Tábìlì tó bá ń mì, abẹ́rẹ́ rẹ̀ á máa ṣìnà ni. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kí ìmọ́lẹ̀ lè bọ́ sórí abẹ́rẹ́, mo gbé e jìnnà sí ẹnu ọ̀nà tí ewúrẹ́ àti ọmọdé ń gbà wọlé. Mo rọ òróró sí i níbi tó yẹ, mo rán àkísà títí òróró tó ṣẹ́ kù fi gbẹ, kó má baà ba aṣọ èèyàn jẹ́.

Lẹ́yìn náà ni mo wá fi òfin lélẹ̀. Mo ní, “Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ni kó yí kẹ̀kẹ́, ọwọ́ òsì rẹ ni kó darí aṣọ. Èèyàn méjì kì í lo máṣíìnì kan. Ṣé o rí ẹsẹ̀ irin kékeré yìí tó ń tẹ aṣọ mọ́lẹ̀? Bí ìka rẹ bá fẹ́ dé abẹ́ rẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún ti gbọ́dọ̀ kúrò lórí kẹ̀kẹ́. Bí òwú bá já, dúró. Bí ọmọ bá ké, dúró. Bí èmi gan-an bá pè ọ́, kọ́kọ́ dúró kí o tó dá mi lóhùn.”

Ó ní, “Bí mo bá pẹ́ dáhùn, ṣé ẹ ò ní bínú?”

Mo ní, “N ó bínú. Ṣùgbọ́n ìka rẹ á pé.”

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lò ó. Bí ó bá rán aṣọ tán, á gbé ìdérí onígi rẹ̀ bò ó, á sì ti í. Ó rán búbà, ó rán aṣọ ilé ẹ̀kọ́ fún ọmọ ará àdúgbò, ohunkóhun kò gún un.

Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé.

Ọmọ ìyá mi ni, n kò sì ní fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ú. Ní ti aṣọ híhun, kò sí obìnrin tó lè bá a du ipò. Kíjìpá tó bá jáde láti ìdí òfì rẹ̀, òjò gan-an kò ní mọ ibi tí yóò gbà wọ inú rẹ̀. Mo ti wò ó láti kékeré. Yóò fi ìka tẹ òwú mọ́lẹ̀ níbi tí àpásà, igi pẹlẹbẹ tó fi ń lu òwú, fẹ́ bọ́ sí gan-an, ìka náà á sì yọ kúrò wẹ́rẹ́ kí àpásà tó balẹ̀. Kò ṣì í rí. Kò lè ṣì í, nítorí tirẹ̀ ni ìka, tirẹ̀ náà ni ọwọ́ tó mú àpásà. Orí kan ló ń rán àwọn méjèèjì níṣẹ́.

Oko ni mo wà lọ́jọ́ náà, mò ń ro ebè iṣu. Bí ìyàwó mi ṣe ròyìn rẹ̀ fún mi ni n ó ṣe sọ ọ́, ẹ̀gbọ́n mi náà kò sì jiyàn rẹ̀ rí.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé kíjìpá méjì dání tó fẹ́ rán pọ̀. Ó bá ìyàwó mi nídìí máṣíìnì.

Ó ní, “Ìyàwó, dìde níbẹ̀.”

Ìyàwó mi kí i bí a ṣe ń kíra nílẹ̀ wa, “Ọkọ mi, òkun o. Ẹ jẹ́ kí n bá yín rán an, kò ní pẹ́.”

“Aṣọ tí mo fi ọwọ́ ara mi hun, ìwọ ló máa bá mi rán an? Dìde. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fẹ́ fi mú aṣọ mi. Wá dúró síhìn-ín, kí o máa yí i fún mi.”

“Bàbá wọn ní ẹnì kan ni kó máa…”

“Bàbá ta ni? Èmi ni mo ń nu ikun nímú rẹ̀ kí Jọ́ọ̀sì tó mọ̀ ọ́n. Yí i jàre.”

Ẹ̀yin náà mọ bí ó ṣe rí nílé wa. Ọmọ ilé ni ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ ló jẹ́ fún ìyàwó mi. Ìyàwó kì í pe ọkọ lórúkọ, kì í dá a lẹ́kun, kì í sì pàṣẹ fún un. Ìyàwó mi dìde, ó sì ń yí kẹ̀kẹ́.

Ibi tó fẹ́lẹ́ lọ geerege. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí etí aṣọ méjèèjì ti ṣẹ́po, tó nípọn bí awọ màlúù, máṣíìnì kọ̀, kò lọ mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi bá ti ìka bọ abẹ́ ẹsẹ̀ irin, ó ń fi tẹ aṣọ mọ́lẹ̀, bí ẹni pé ìdí òfì ló wà.

Ìyàwó mi ní, “Ọkọ mi, ìka yín…”

“Kí ló ṣe ìka mi? Ìka yìí ti ń hun aṣọ kí wọ́n tó bí ọ. Mo ní kí o yí i!”

Ó yí i.

Abẹ́rẹ́ gba orí èékánná wọlé. Ariwo sọ, àwọn ará ilé sáré dé, ẹ ò sì ní gbà gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe: wọ́n fa ìka náà! Ta ló ń fa ìka lábẹ́ abẹ́rẹ́? Kẹ̀kẹ́ ni èèyàn máa ń rọra yí kí abẹ́rẹ́ gòkè fúnra rẹ̀. Wọ́n fà á, abẹ́rẹ́ ṣẹ́ sínú ẹran ara. Nígbà tí mo dé láti oko, mo gbé e sórí básíkùlù, ó di dísípẹ́nsárì. Dírẹ́sà, ẹni tó ń tọ́jú egbò níbẹ̀, yọ irin náà. Ní àlọ àti àbọ̀, ẹ̀yìn mi ni ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí tó ń bú ìyàwó mi, èmi sì ń wa básíkùlù, mò ń wa eyín pọ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, ẹbí pé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ àbúrò bàbá mi, olórí ẹbí wa tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá. Ẹ̀gbọ́n mi na ìka tí wọ́n fi báńdéèjì dì sókè kí gbogbo ayé lè rí i.

Ó ní, “Mi ò sọ pé kò sọ̀rọ̀. Mo ní ó rí ìka mi, ó sì yí i. Ẹ bi í.”

Bàbá bi ìyàwó mi tó kúnlẹ̀ láàárín wọn, “Ìyàwó, ṣé o rí ìka náà?”

“Mo rí i, Bàbá.”

“O sì yí i?”

“Wọ́n ní kí n yí i ni.”

Ìyá àgbà kan nínú ẹbí wa fọn imú. Ó ní, “Bí wọ́n bá ní kí o ki orí bọ iná ńkọ́?” Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ilé bàbá mi ni mo wà, tí wọ́n ń fi ìyàwó mi rẹ́rìn-ín lójú mi!

Bàbá dájọ́. Ó ní kí ìyàwó mi di ẹrù rẹ̀, kó padà sí Ìffẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, títí àwọn òbí rẹ̀ yóò fi wá bẹ̀bẹ̀. Ó tún ní kí máṣíìnì lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi, kí ó fi nu omijé rẹ̀. Máṣíìnì mi! Èyí tí mo gbé lé itan bí ọmọ!

Mo dìde. Mo gba ilé lọ, mo gbé máṣíìnì rù, mo sì gbé e kalẹ̀ sórí pèpéle níwájú gbogbo wọn. Mo yọ abẹ́rẹ́ rẹ̀, nítorí ẹni tó bínú kì í ṣe wèrè. Mo já ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi sí ipò abẹ́rẹ́, mo sì dì í mọ́ ọn.

Mo ní, “Bàbá, ẹ wá jókòó síbí. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì mú aṣọ. Èmi ni ìyàwó yín, èmi ni n ó yí i.”

Ẹnì kan kígbe láti ẹ̀yìn, “Ìyàwó onírùngbọ̀n!” Bàbá alára rẹ́rìn-ín. Bóyá ẹ̀rín náà ló jẹ́ kó gbà. Ó jókòó.

“Ẹ ti ìka yín bọ abẹ́ irin yìí. Ẹ wá pàṣẹ fún mi.”

“Ó dára. Yí i.”

Mo yí i. Ẹyọ ìgbálẹ̀ gún èékánná Bàbá! Ó já ọwọ́ gbà. “Dúró! Ṣé orí rẹ dàrú ni? O ò rí ìka mi ni?”

“Mo rí i. Ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní kí n yí i ni?”

“Kí ló dé tí o ò sọ fún mi pé kí n gbọ́wọ́ kúrò?”

“Bàbá, ṣé ìyàwó lè sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kó gbọ́wọ́ kúrò?”

Ìyá àgbà tó fọn imú lẹ́ẹ̀kan ló bá Bàbá dáhùn, ó ní, “Irú ìyàwó wo nìyẹn? Wọn ò bí i!”

Mo lọgun. Mo ní, “Ẹ gbọ́ o! Ẹ̀yin lẹ fi ọwọ́ dí i lẹ́nu, ẹ̀yin náà lẹ tún ń bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀. Ó sọ pé ‘ìka yín’. Kí ni kó tún sọ? Ẹni tó bá fẹ́ kó lọ sí Ìffẹ̀, kó wá jókòó síbí. N ó dá abẹ́rẹ́ padà síbẹ̀.”

Kò sẹ́ni tó dìde. Bàbá ń fi àtàǹpàkò pa èékánná rẹ̀. Ó ní, “Ìyàwó, dìde lórí orúnkún. O ò lọ síbì kankan, máṣíìnì náà ò sì lọ. Láti òní lọ, nídìí irin yìí, ẹni tó bá mú kẹ̀kẹ́ ló lẹ́nu. Bí ó bá ní kí ọba gan-an gbọ́wọ́, kí ọba gbọ́wọ́.”

Ẹ̀gbọ́n mi ti dìde, ó ti ń lọ. Ẹ sì wo ohun tí ìyàwó mi ṣe: ó sáré tẹ̀ lé e, ó sì kúnlẹ̀ fún un ní ẹnu ọ̀nà, ó ní kó fi ìrora ìka náà jin òun. Ta ló rán an? Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà á sílẹ̀ ni! Mo bínú sí i débi pé mi ò jẹ iyán tó gún lọ́jọ́ náà. Ó ní, “Ìka wọn ń ro wọ́n. Ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹjọ́.”

Ó pẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi tó tún tẹ ilé wa. Ọjọ́ tó dé, kíjìpá ìjọsí náà ló gbé lápá. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni mo jókòó sí. Mo gbọ́ tí ó wọlé, mo sì ń retí kó sọ gbólóhùn kan péré, èyí tí n ó fi wọlé tọ̀ ọ́. Ohùn ìyàwó mi ni mo gbọ́. Ó ní, “Ọkọ mi, òkun o. Ẹ jókòó sí ìjókòó yẹn. Rárá, ẹ má bọ̀ níbí. Ẹ gbé aṣọ náà fún mi, kí ẹ sì gbọ́wọ́ kúrò.”

Mo gbọ́ tí ìjókòó dún. Ẹ̀gbọ́n mi jókòó. Kẹ̀kẹ́ máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ díẹ̀díẹ̀, bó ṣe yẹ kó lọ lórí aṣọ tó nípọn. Mo dìde, mo mú àáké, mo gba ẹ̀yìn ilé lọ la igi, nítorí inú ṣì ń bí mi, mi ò sì rí ẹni tí n ó bá jà.