Géèmù Lẹ́tà Tí Kò Lópin

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn eruku tó gbóná lẹ́yìn ẹ̀rọ, pálọ̀ wa ní Festac ni mo máa ń rántí: irin bọ́gílárì lójú fèrèsé, àti kọ̀ǹpútà ràgàjì tí bàbá mi gbé bọ̀ láti ọ́fíìsì nígbà tí wọ́n ra tuntun. Géèmù kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, ìwọ náà á rántí irú rẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń kọ́ ọmọ ní táìpù. Lẹ́tà á máa já bọ́ látòkè, wàá tẹ̀ ẹ́ kó tó kanlẹ̀. Ó dàgbà jù mí lọ. Inú dísíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń dà á kọ láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì kó tó kàn wá. Bàbá mi kórìíra géèmù, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ leléyìí lójú tirẹ̀.

Nígbà ìsinmi ọdún kan tí mo ṣì kéré, ọ̀rẹ́ mi tó ń gbé ní Raji Rasaki Estate fẹ́ bá àwọn òbí rẹ̀ kó lọ sókè òkun lọ́jọ́ Sátidé. Mo fẹ́ lọ kí i pé ó dìgbà.

"Parí géèmù yẹn ná," bàbá mi wí. "Tó o bá ti dé ìpele tó kẹ́yìn, màá mú ẹ lọ fúnra mi."

Ó ti géètì, ó kó kọ́kọ́rọ́ sápò, ó bá iṣẹ́ lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ni. Lójú tirẹ̀, gbogbo nǹkan ló ní ìpele, èèyàn á máa gòkè títí á fi fẹ̀yìn tì, tí wọ́n á ṣe sẹ́ńdọ́ọ̀fù fún un.

Ojú mi rí màbo. Mò ń gbọ́ ohùn àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù níta, inú ń bí mi débi pé mò ń sunkún, mo sì ń tẹ lẹ́tà lọ. Nígbà tí mo wá borí ìpele tó le jù lọ, lẹ́tà kan ṣoṣo ló tún yọ lókè, tó rọra ń bọ̀. Géèmù náà ti padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Irọ́ ni," ni bàbá mi wí nígbà tó dé tí mo sọ fún un pé géèmù náà kò lópin. "Ọ̀lẹ ló ń dà ẹ́ láàmú."

Láàárọ̀ Sátidé, mo bẹ̀ ẹ́ kó jókòó tì mí. Ó wò mí títí mo fi tún borí ìpele yẹn, tí lẹ́tà kan ṣoṣo yẹn tún yọ. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Níbo wá ni wọ́n ti ń fẹ̀yìn tì nínú ẹ̀?"

Ló bá mú kọ́kọ́rọ́. Nígbà tí a débẹ̀, àgádágodo la bá lára géètì ilé ọ̀rẹ́ mi. "Ẹ ò bá wọn mọ́, sà," ni aládùúgbò wọn wí. "Wọ́n ti lọ sí éápọ́ọ̀tù." Bàbá mi dúró tì mí, kọ́kọ́rọ́ ilé wa lọ́wọ́ rẹ̀, kò sì sí èyí tó lè ṣí géètì yẹn.

"Má bínú," ó wí. N kò gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀ rí.

Ohun tó dùn mí jù ni pé kò sí ìkà nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ó ní kí n parí ohun tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ ìparí rẹ̀ ni. Ó ti fẹ̀yìn tì báyìí. Bí àwọn ọmọ mi bá lọ kí i, tí wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ rí ọ̀rẹ́ àwọn, kì í bi wọ́n bóyá wọ́n ti parí ohunkóhun. Á kàn dìde, á lọ ṣí géètì.