Ààrò Inú Ara Ọmọ Mi

Adúmáadán, ẹyinjú ẹgẹ́, àkọ́bí mi tó ń kọ́ni ní bàọ́lọ́jì l'Ọ́wọ̀, òun ló lọ yìí.

Ìgbà kan tí a jọ ń bó pákí ní Ìdógùn, ó ní sẹ́ẹ̀lì wẹ́wẹ́ ni gbogbo ara wa, pé ààrò kéékèèké wà nínú wọn tó ń sọ oúnjẹ di agbára.

"Màmá, ọ̀dọ̀ yín nìkan ni mo ti gba ààrò tèmi. Bàbá ò fún mi ní ẹyọ kan."

Bàbá rẹ̀ fèsì: "Ta ló wá ń ṣẹ́ igi?"

Nígbà tí ọmọ mi kú, àwọn àgbà ní òbí kì í rí sàréè ọmọ.

Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ni mo dáná tó wà lára ẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sìn ín débẹ̀."

Wọn ò gbà. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n sin ín. Inú yàrá ni èmi àti bàbá rẹ̀ wà.